Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Tí Mo Fi Fóònù Yàn

Àwọn tó bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Sáúdí, iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ni mo máa ń pè é fún wọn. N kò parọ́. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fọ aṣọ, mò ń nu fèrèsé tí eruku kì í fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ohun tí n kì í fi kún un ni pé ibẹ̀ náà ni mo ti ra ìbọn fún àbúrò mi, ìbọn àkọ́kọ́ tí yóò ní láyé rẹ̀, àti pé fóònù ni mo fi bá a yàn án.

Úmúrà ló gbé mi wá. Lọ́jọ́ tí àwọn tí a jọ wá di ẹrù wọn, tí wọ́n wọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, èmi kò bá wọn lọ. Àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ rí mọ ìdí. Àwọn tí kò ṣe é rí, àlàyé mi kò lè yé wọn. Mo ti lo ọdún mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ ìbọn yìí tó délẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe oòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn Jéddà kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn tiwa. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Nílé, kí o tó bu omi bọ́jú láàárọ̀, ẹni mẹ́wàá á ti kí ọ, ẹni méjì nínú wọn á sì ti bá ọ jà. Ní Al-Ammáríyà tí mò ń gbé, mo lè sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹta, kí n rìn dé Al-Balad láàárín àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn, kí n ra búrẹ́dì, kí n padà, kí n má la ẹnu rárá. Ohun kejì ni ìkámà. Ìkámà ni ìwé ìgbélùú tí àjèjì gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́. Èmi kò ní in. Ẹni tí kò bá ní in, bí ọkọ̀ bá dẹ ìrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Ó lè jẹ́ pé onítọ̀hún ń wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ni o, àyà á ṣáà já.

Àlàájà Ṣìfáwù, ará Ìwó, ni a jọ ń gbé yàrá. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù, bó bá fi Yorùbá kí i, ọmọ náà á fi Lárúbáwá dá a lóhùn, àwọn méjèèjì á sì máa bọ́rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ìjà. Òun ló kọ́ mi ní ọjà, tó kọ́ mi ní ọ̀nà, tó kọ́ mi ní ibi tí n kò gbọ́dọ̀ dé.

Orí òrùlé ni mo wà, tí mò ń sá aṣọ, nígbà tí Múrí àbúrò mi pè. Òun nìkan ni ọkùnrin tí ìyá wa bí.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ráyè?"

"Mo ráyè díẹ̀. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Àwọn ọdẹ ti gbà mí sínú ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n oníkálukú ló ń mú ìbọn tirẹ̀ wá."

"Ìbọn Bàbá ńkọ́?"

"Ṣakabùlà yẹn? Àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dún. Kí n tó rọ ẹ̀tù mìíràn sí i, wọ́n á ti jí èmi gan-an gbé."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Ìlú wa ní Òkè-Ògùn ni à ń sọ yìí. Àwọn ajínigbé ti gba ọ̀nà oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ìyá wa kò dé oko rẹ̀ fún odidi òjò méjì. Òun tó máa ń ta gàrí fún ìdajì ìlú, ó ti ń ra gàrí jẹ lọ́jà.

Múrí ní ẹnì kan ń ta sẹ́mí. Sẹ́mí ni wọ́n ń pe ìbọn tó ń ki ara rẹ̀: bí o bá ti yìn ín, á tu èèpo ọta tó jó dànù, á fa òmíràn sí ẹnu fúnra rẹ̀, kó o kàn tún yìn ín ni. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ó ní. Nígbà tó yá ló wá sọ ohun tó ń fẹ́.

"Àǹtí, ẹ bá mi béèrè bóyá òun ló dáa láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wà níbi tí ojú ti là."

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti kọjá òkun, wọ́n gbà pé ó mọ oògùn, ó mọ ọkọ̀, ó mọ ilé kíkọ́, ó sì mọ ìbọn. Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní kó jẹ́ kí n wádìí.

Lásìkò yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́ nílé Abú Sàmí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì fẹ́ràn ọdẹ. Nígbà òtútù, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń lọ sí aṣálẹ̀, wọ́n á padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ púpọ̀ àti ẹran díẹ̀. Ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ wà nínú ike, nínú dúróà kan náà tó ń kó ìwé ilé rẹ̀ sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sẹ́mí kan fún Sàmí ọmọ rẹ̀, irú èyí tí kò wọ́n, tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀, ó tú ìbọn náà sílẹ̀, ó ń fi àkísà àti òróró nù ún.

Mo gbálẹ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì kí n tó la ẹnu.

"Abú Sàmí, ẹ má bínú. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì fẹ́ ra ìbọn àkọ́kọ́, ṣé irú èyí ló yẹ kó rà?"

Ó gbójú sókè. Fún ọdún kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún un, n kò bi í ní ohunkóhun rí ju ibi tó fẹ́ kí n gbé àga sí.

"Kí lo mọ̀ nípa ìbọn, yá Hájà?"

"Ọdẹ ni bàbá mi."

Ẹ mọ̀ pé tíṣà kì í fẹ̀yìn tì tán. Ó yí padà sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ó ní sẹ́mí dára, ṣùgbọ́n èyí tí kò wọ́n máa ń ṣa ọta jẹ. Èyí tí kò bá ti wù ú, á há sí i lọ́fun. Ti Sàmí ti há lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ó fẹ́ òróró, ó fẹ́ ìtọ́jú, kò sì fẹ́ eruku rárá. Ó ní bó bá jẹ́ owó díẹ̀ lẹni náà ní, ẹlẹ́nu méjì lásán ni kó rà, èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín kí wọ́n tó kì í. Bí ẹnu kan bá kọ̀, ìkejì wà níbẹ̀. Bí o bá ṣẹ́ ẹ, ojú rẹ á rí i bóyá ọta wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Kó má sì ná gbogbo owó rẹ̀ tán lórí ìbọn, kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọta tí yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín, torí ẹni tó ní ìbọn tí kò mọ̀ ọ́n yìn, igi ló gbé dání.

"Ṣùgbọ́n kó tó ra ìyẹn náà," ó ní, "kó kọ́kọ́ gba ìwé."

Ó to ìbọn náà padà, ó fi hàn mí pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó sì nà án sí mi. "Gbà, kí o wo bó ṣe wúwo tó."

Nílé wa, obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn ọdẹ. Mo mọ òórùn ẹ̀tù. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kì í. Bí mo bá wà ní ilé ìdáná, mo lè sọ fún ọ bóyá ìbọn Bàbá ló dún nínú igbó tàbí ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò kàn án rí, àfi ọjọ́ yẹn. Ó wúwo bí ọmọ tuntun. Mo gbé e lé èjìká bí Bàbá ṣe máa ń gbé e, mo di ojú kan. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Abú Sàmí ń rẹ́rìn-ín.

Bí Ummu Sàmí, ìyàwó rẹ̀, ṣe gbé tíì wọlé nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún yín, tí kò ní ìkámà, tí ẹ kò mọ ilé bàbá rẹ̀, ló dúró láàárín pálọ̀ yín tó gbé ìbọn lé èjìká. Bó bá jẹ́ èmi ni, ariwo ni ǹ bá pa. Ummu Sàmí kò pariwo. Ó rọra gbé tíì kalẹ̀, ó sì padà sí ilé ìdáná. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó fún mi ní owó iṣẹ́ mi, ó sì fi díẹ̀ lé e.

"Kàláàsì, yá Hájà," ó ní. "Má wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Lọ́sẹ̀ kejì ńkọ́?"

"Kàláàsì."

Ó ti parí nìyẹn. N kò bínú sí i nígbà náà, n kò sì bínú sí i báyìí.

Àlàájà Ṣìfáwù ló bínú dípò gbogbo wa.

"O gbé ìbọn? Nínú ilé ará Sáúdí? Ìwọ tí o kò ní ìkámà?"

"Ó ní kí n gbé e wò ni, Àlàájà."

"Bó bá ní kí o gbé ejò wò ńkọ́? Bí obìnrin yẹn bá pe ọlọ́pàá, kí lo fẹ́ wí fún wọn? Pé ọdẹ ni bàbá rẹ?"

Ó sọ ọ́ tán, ẹ̀rín bá gbá a mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó mi lọ sí Mẹ́kà, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tọ́jú ilé tí àwọn tó wá ṣe Úmúrà ń wọ̀ sí ní Jarwal. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi tutù.

Ní Jarwal, aṣọ ibùsùn ni iṣẹ́ mi. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀, aṣọ ibùsùn kì í sinmi. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Yorùbá, ti Ìbàdàn, ti Ìlọrin, ti Ìjẹ̀bú, lórí àtẹ̀gùn kan náà. Gbogbo wọn ló ń pè mí ní Àlàájà. Wọ́n á ní, "Àlàájà, ìgbà wo lẹ ń padà sílé?" Màá ní, "Láìpẹ́, bí Ọlọ́run bá fẹ́." Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan sọnù lójú ọ̀nà Háráámù, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, mo fi Lárúbáwá mi bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, mo sì mú un padà wá bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi níwájú gbogbo èrò. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo ga sí i díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mo bá wọn gbé omi Sàmúsáàmù wọn dé ẹnu ọkọ̀, ọkọ̀ gbéra, mo padà sídìí aṣọ ibùsùn.

Mo máa ń rò ó níbẹ̀ pé nílé, ìlú ló ni mí, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìwé rí. Níhìn-ín, kò sí ohun tí mo lè ṣe tí yóò dí àyè ìwé náà. Bó o gbálẹ̀ dáadáa, bó o mọ èdè wọn, bó o mú ìyá arúgbó padà wá, ọ̀nà ẹ̀yìn lo ṣì máa gbà bí àwọn jàwásáàtì, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ìwé wò, bá yọ níwájú. Ohun tí mo gbé lọ́kàn nìyẹn nígbà tí Múrí tún pè.

"Àǹtí, ọkùnrin tó ni sẹ́mí yẹn ń lọ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó ránṣẹ́."

"Ṣé ìbọn náà ní ìwé?"

"Àǹtí, ta ló ń bi ọdẹ ní ìwé nínú igbó?"

"Bí ẹ bá pàdé ọlọ́pàá lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"A ó sá pa mọ́."

"Ìwọ tó fẹ́ máa lé ajínigbé, o tún fẹ́ máa sá fún ọlọ́pàá. Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yin àti wọn?"

Mo sọ fún un pé ẹlẹ́nu méjì ni màá rà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ní orúkọ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n kò ní ra nǹkan kan. Ó ní ìwé yẹn á gba oṣù. Mo ní kó gbà á. Ó wá sọ èyí tó dùn mí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Mẹ́kà, tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ẹran ràkúnmí, ẹ ò mọ bí ilé ṣe rí mọ́."

Ó gé fóònù. Òun tí kì í gé fóònù mọ́ mi lójú. Owó náà wà lọ́wọ́ mi, owó tí mò ń tọ́jú fún ìrìnàjò ilé. Mo lè fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn kí àlàáfíà wà láàárín wa. N kò fi ránṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ṣe àṣìṣe, n kò sì yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Ìyá ló sọ fún mi. Ó ya fọ́tò, ó kọ fọ́ọ̀mù, ó wá ẹni tó ṣe onídùúró. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá pe Ìyá, màá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, tó ń bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀.

Ìwé kò tíì jáde nígbà tí àwọn ajínigbé dènà de àwọn ọdẹ. Ọdẹ méjì kú. Wọ́n sì kó àwọn ìbọn tó dára lọ. Ọjọ́ náà ni Múrí pè mí fúnra rẹ̀.

"Àǹtí, bí mo bá ní ìbọn ni, ǹ bá wà níbẹ̀."

N kò mọ èyí tó ń sọ. Bóyá ó ní òun ì bá gbà wọ́n là ni, bóyá ó ní òun ì bá bá wọn kú ni. Mo rò pé òun náà kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó kánjú gé fóònù nínú wa. Lẹ́yìn náà, mo sunkún nínú yàrá tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí, mo sunkún torí àwọn tó kú, mo sì sunkún torí pé inú mi dùn pé kì í ṣe òun.

Nígbà tí ìwé àṣẹ jáde, a lọ ra ìbọn, èmi lórí fóònù, òun nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní àṣẹ. Mo rí i lójú fóònù, ó ti rù. Àlòkù ni owó wa ká. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ń dán bí ìkòkò tuntun.

"Ṣẹ́ ẹ, kí o gbé e kọjú sí oòrùn, kí o wo inú rẹ̀," mo ní.

"Ó mọ́ níta, Àǹtí."

"Ta ló béèrè ìta?"

Ó wò ó. Ìpẹtà ti jẹ inú ẹnu kan. A dá a padà. Ìkejì kò dán, igi ìdí rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n inú ẹnu méjèèjì mọ́ gaara. Mo ní kó mì í, bóyá ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ á mì. Kò mì. Mo ní kó gbé e lé èjìká, kó wò ó bóyá ìka rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń fà láìnà ọrùn. Ọkùnrin tó ń tà á bi í pé ta ni Àlàájà yìí. Múrí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mẹ́kà ni wọ́n wà. Wọ́n mọ ìbọn." Orí mi wú. A rà á, a sì fi ìyókù ra ọta tí yóò fi kọ́ṣẹ́.

Nílé wa, bí wọ́n bá fẹ́ dán ìbọn tuntun wò, ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á ló ń pàṣẹ kí wọ́n yìn ín. Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ, ní àṣà ni àṣà, kí wọ́n pe obìnrin tó rà á lórí fóònù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́, Àsírì, tán ní Jarwal. Èmi àti obìnrin méjì ń ká aṣọ ibùsùn. Múrí gbé fóònù sórí òkúta, mo gbọ́ afẹ́fẹ́ ìlú wa.

"Ó yá, ọmọ mi," Olúọdẹ ní. "Pàṣẹ."

"Yìn ín," mo ní.

Ó dún. Àwọn obìnrin méjèèjì fò dìde, ọ̀kan ju aṣọ sílẹ̀, ó ní kí nìyẹn. Mo ní àbúrò mi ni. Mo ń pè é, "Múrí! Múrí!"

"Àǹtí, èjìká mi o!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Olúọdẹ gba fóònù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ọ̀la ni Múrí yóò bá àwọn wọ igbó. Ó ní láàárín oṣù yìí, bó bá wu Ọlọ́run, Ìyá á dé oko rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ pé kó má lọ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ra ìbọn náà.

"Bàbá," mo ní, "ẹ bá mi mójú tó o. Ẹ fi í sáàárín yín."

"Ọmọ mi, ṣakabùlà ló kù lọ́wọ́ àwa yòókù," Olúọdẹ ní. "Ẹlẹ́nu méjì ló ń ṣíwájú."